Ta ló ni gọ́tà yìí? Bí ẹ ṣe lè mú ọ̀dọ́langba wọnú ọ̀rọ̀ ìlú kó tó pé ọmọ ọdún 18

Mo wọ kíláàsì SS2 kan n'Ìbàdàn lọ́jọ́ kan, mo ní kí àwọn ọmọ sọ ohun tí ìjọba tiwa-n-tiwa jẹ́. Ọwọ́ ló kún òkè. Ẹni tí mo pè kà á láì kọsẹ̀, bí ẹni ń ka Orin Dáfídì. Mo wá béèrè pé, "Ta ni káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín?" Gbogbo ọwọ́ wálẹ̀. Ọmọkùnrin kan dìde lẹ́yìn, ó ní, "Sà, ṣé wọ́ọ̀dù ti ọsibítù?" Mo retí kí àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń rú àwọn náà lójú nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti jáwọ́ nínú kíkọ́ ọmọ ní Civic Education bí ẹni ń kọ́ kátíkísìmù. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń kó ọmọ díẹ̀ jọ, kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ ìlú kan ṣoṣo, kí wọ́n sì tẹ̀lé e títí dé ibi tó bá parí sí. Táàmù kan ló ń gbà. Owó tó ń ná wa kò ju ti ìwé àkọsílẹ̀, fọ́tòkọ́pì àti owó ọkọ̀ lọ. Olùkọ́ lè ṣe é, òbí lè ṣe é, ẹni tó ń bójú tó àwọn ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́sálásí náà lè ṣe é.

Àwọn kan á ní kí ló kan ọmọ tí kò tíì lè dìbò. Ẹ wo ìdìbò 2023. Orúkọ 93,469,008 ló wà nínú ìwé INEC. Nínú wọn, 26,027,481 ló ní akẹ́kọ̀ọ́ làwọn, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn tó ní èrò tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé náà. Lọ́jọ́ ìdìbò ààrẹ, gbogbo ẹni tó jáde ní Nàìjíríà, lọ́mọdé lágbà, kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 lọ. Lóòótọ́, owó náírà há lásìkò náà, epo wọ́n, ẹ̀rù jàǹdùkú sì ń ba èèyàn. Ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀pọ̀ ọmọ tó gba káàdì ìdìbò tán tó jẹ́ pé báńkì ló fi ṣí àkáǹtì. Kò sẹ́ni tó fi hàn wọ́n rí pé káàdì náà ní iṣẹ́ mìíràn, nítorí kí wọ́n tó gbà á, wọn ò tíì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ìjọba rí láyé wọn.

1. Ẹ kó wọn jọ, kí wọ́n má pọ̀

Ọmọ mẹ́jọ sí méjìlá ti tó. Bí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́ta ni yóò máa ṣiṣẹ́, àwọn yòókù á máa ya ara wọn ní fọ́tò. Ẹ mú wọn láàárín ọmọ ọdún 14 sí 17, tọkùnrin tobìnrin, kí ẹ sì rí i pé ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì wà láàárín wọn. Akọ̀wé tó dáa jù tí mo ní rí, ọmọbìnrin kan ni tí wọ́n ti sọ fún mi pé kò mọ nǹkan kan.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ìwé sí òbí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, ní abala 6, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti wà nínú ẹgbẹ́ àti láti péjọ pẹ̀lú àlàáfíà, ṣùgbọ́n ó ní kó jẹ́ lábẹ́ ìtọ́sọ́nà òbí tàbí alágbàtọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ka abala náà sókè fúnra wọn. Ojú wọn á tàn nígbà tí wọ́n bá kan "ẹ̀tọ́", á sì rọ nígbà tí wọ́n bá kan "òbí".

Òfin mẹ́ta ni kí ẹgbẹ́ ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A kì í wọ fìlà tàbí aṣọ ẹgbẹ́ òṣèlú wá. A kì í bú ẹnikẹ́ni. A kì í gba owó lọ́wọ́ olóṣèlú, ìbáà jẹ́ owó omi. Ìkẹta yìí ló máa ń ṣòro jù, torí bí ẹ bá dé sẹkitéríàtì, "ẹ fi ra mínírà" á jáde látinú àpò ẹnìkan dandan, kì í sì í ṣe pé ẹni náà ní èrò ibi. Ẹ kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń kọ owó láì rí àgbà fín. Àwọn tèmi máa ń kúnlẹ̀, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Òfin ẹgbẹ́ wa ò gbà á. Ẹ bá wa fi kún owó gọ́tà."

2. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ ẹni tó ń ṣojú rẹ̀

Ẹ ní kí ọmọ ya odindi ojú ìwé kan sọ́tọ̀. Lókè, kó kọ orúkọ ìpínlẹ̀ rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, wọ́ọ̀dù rẹ̀ àti ibùdó ìdìbò tó sún mọ́ ilé wọn jù. Nísàlẹ̀, kó kọ orúkọ káńsẹ́lọ̀, alága káńsù, ẹni tó ń ṣojú wọn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ẹni tó wà nílé aṣojú-ṣòfin l'Ábújá, sẹ́nétọ̀ àti gómìnà. Kó kọ ọdún tí wọ́n dìbò yan ẹnì kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ ilé ni, ẹ má sọ ìdáhùn fún wọn. Gómìnà á rọrùn. Sẹ́nétọ̀ á mú kí wọ́n lọ wo Google. Káńsẹ́lọ̀ ò sí lórí Google lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni dídùn ọ̀rọ̀ náà wà, torí wọ́n á ní láti jáde lọ béèrè: lọ́wọ́ alága ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, lọ́wọ́ baálẹ̀, lọ́wọ́ ìyá tó ń ta búrẹ́dì tó mọ ilé gbogbo èèyàn.

Ní ti wọ́ọ̀dù, kí wọ́n yá káàdì ìdìbò òbí wọn wò. Nọ́ńbà kan wà lójú rẹ̀ tí wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni ìpínlẹ̀ (24 ni Èkó, 27 Ògùn, 28 Oǹdó, 29 Ọ̀ṣun, 30 Ọ̀yọ́, 13 Èkìtì), èkejì ni ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀kẹta ni wọ́ọ̀dù, ẹ̀kẹrin ni ibùdó ìdìbò. Bí káàdì náà bá ti pẹ́, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì INEC, torí ní ọdún 2021 ni wọ́n sọ ibùdó ìdìbò di 176,846 láti 119,974, wọ́n sì kó àwọn olùdìbò kan lọ sí ibùdó tuntun.

Àwọn ọmọ Èkó máa ń rí ìdààmú kan tí àwọn ará ibòmíràn kì í rí tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ló wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún Èkó, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ náà dá 37 mìíràn sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LCDA, àpapọ̀ wọn jẹ́ 57. Kí ọmọ tó wà ní LCDA kọ orúkọ méjèèjì sílẹ̀, kó má baà gbé lẹ́tà lọ sí sẹkitéríàtì tí kì í ṣe tirẹ̀.

3. Iṣẹ́ ta ni?

Bí ẹ bá fẹ́ fo ìgbésẹ̀ kan nínú gbogbo èyí, ẹ má fo èyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń bú ààrẹ nítorí gọ́tà, tó tún ń lọ bẹ káńsẹ́lọ̀ nítorí ọlọ́pàá. Kò sí èyí tó lè yanjú rẹ̀, ìyẹn ló fi dà bíi pé ìjọba kì í gbọ́.

Ẹ gbé abọ́ mẹ́ta kalẹ̀: ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ kọ nǹkan bí ogún sórí ègé ìwé: ọlọ́pàá, ọjà, itẹ́ òkú, ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ilé ìwé girama, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iná ojú títì, páàkì, ibi ìpẹran, ìwé ẹ̀rí ìbí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboògbò, orúkọ àdúgbò, ìdọ̀tí, gọ́tà, ìwé ìrìnnà, ilé ẹjọ́ májísíréètì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ègé kan, kó jù ú sí abọ́ tó rò pé ó tọ́, kó sì sọ ìdí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Ẹ má dá sí i.

Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ ṣí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sí Àfikún Kẹrin. Ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí: ọjà, páàkì, itẹ́ òkú, ibi ìpẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboògbò, ojú ọ̀nà àdúgbò àti iná orí rẹ̀, gọ́tà, kíkó ìdọ̀tí, fífún àdúgbò lórúkọ àti ilé ní nọ́ńbà, kíkọ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó sílẹ̀. Ó tún ní kí ìjọba ìbílẹ̀ bá ìpínlẹ̀ pín iṣẹ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti ìlera ṣe. Àní, láìsẹnsì kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi kékeré àti ọmọlanke wà níbẹ̀. Gbogbo kíláàsì ló máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá kan ọmọlanke. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà ni ẹnìkan á béèrè pé, "Sà, bó bá jẹ́ pé gbogbo èyí ni iṣẹ́ wọn, kí ni wọ́n ń ṣe?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ẹ má fi àwàdà bò ó. Òfin sọ ọ̀kan, ìṣe sọ òmíràn. Ìdọ̀tí wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n l'Ékòó, LAWMA tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ ló ń bójú tó o. Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú àpò kan náà pẹ̀lú ìpínlẹ̀ ni owó ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà kọjá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé kí owó náà máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú dìbò yàn. Ẹ ní kí àwọn ọmọ lọ béèrè lọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀ wọn bóyá ìdájọ́ náà ti yí nǹkan padà lọ́dọ̀ wọn. Ìdáhùn tí mo ti gbọ́ kò jọ ara wọn rárá.

Iná mànàmáná nìkan ni kì í wọ abọ́ kankan. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2013 ni ilé iṣẹ́ aládàáni ti gba pínpín iná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA la ṣì ń pariwo bí iná bá dé. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ náà ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

4. Ẹ mú ohun kékeré kan

Àwọn ọmọ á fẹ́ gbógun ti ìwà ìbàjẹ́. Ẹ bá wọn yọ̀ sí i, kí ẹ sì sọ pé rárá. Ìwà ìbàjẹ́ kò ní ẹnu ọ̀nà tí èèyàn lè kàn. Ohun tí ẹ ń wá ni ohun tí wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn dé, tí ojú rí, tí ẹnìkan pàtó ń gbowó oṣù nítorí rẹ̀, tí ìyípadà lè dé bá láàárín táàmù kan. Ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́. Iná ojú títì tó kú níwájú ilé ìwé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà tí wọ́n tì pa.

Gọ́tà ni àwọn tèmi mú lọ́dún kan, èyí tó wà láàárín ọjà àti ẹnu ọ̀nà ilé ìwé wọn. N'Ìbàdàn, gọ́tà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin lásán. Àwọn àgbà ò gbàgbé Omíyalé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún bo ìlú. Àwọn òbí àwọn ọmọ náà sì fojú ara wọn rí ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan béèrè ìtàn ọ̀kan nínú méjèèjì nílé. Ọ̀kan padà wá pé ìyá àgbà òun kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí pé ọmọ ìyá òun bá omi náà lọ. Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún pe gọ́tà yẹn ní ọ̀rọ̀ kékeré mọ́.

5. Ẹ lọ wò ó, kí ẹ sì kí èèyàn

Kí wọ́n tó yọ fóònù, kí wọ́n lọ kí ìyálọ́jà. Kí wọ́n lọ kí baálẹ̀. Kí wọ́n sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, ilé ìwé wọn, ohun tí wọ́n wá ṣe. Mo ti rí ẹgbẹ́ ọmọ kan tí wọ́n lé jáde ní ọjà torí pé wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò, àwọn ọlọ́jà sì rò pé àwọn tó fẹ́ wó ìsọ̀ ló rán wọn wá. Ẹ̀bi wọn ni? Èmi ló yẹ kí n ti kọ́ wọn.

Lẹ́yìn ìkíni, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ lo téèpù wọn gígùn ibi tó dí. Ẹ ya fọ́tò lójú kan náà lẹ́yìn gbogbo òjò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i. Ẹ bi ọlọ́jà mẹ́wàá ní ìbéèrè mẹ́ta kan náà, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, títí kan èyí tí kò dùn mọ́ yín. Nínú tiwa, ọlọ́jà mẹ́fà nínú mẹ́wàá gbà pé àwọn náà ń da ìdọ̀tí sí i. Àwọn ọmọ fẹ́ fo ìyẹn nínú lẹ́tà. Mo ní ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, torí bí ẹ ò bá sọ ọ́, ohun àkọ́kọ́ tí káńsẹ́lọ̀ máa sọ nìyẹn.

Kí wọ́n má ya ọlọ́pàá, kí wọ́n má ya ojú ẹnikẹ́ni láì gbàṣẹ. Méjìméjì ni kí wọ́n máa rìn, kí àgbàlagbà kan sì wà nítòsí.

6. Lẹ́tà

Ojú ìwé kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rí, ohun tí a ń béèrè, ọjọ́ tí a ó padà wá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyìn bẹ̀rẹ̀ fún ìpínrọ̀ mẹ́ta. Bí tiwa ṣe rí nìyí, mo yọ orúkọ kúrò:

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ …
Nípasẹ̀ Káńsẹ́lọ̀ Wọ́ọ̀dù …

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà.

Gọ́tà tó dí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà …

Akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá ni wá, wọ́ọ̀dù yìí là ń gbé, ọjọ́ orí wa wà láàárín 14 sí 17. Gọ́tà tó wà láàárín ọjà àti ilé ìwé wa ti dí ní ibi mẹ́ta. Gígùn ibi tó dí jẹ́ mítà 38. Láàárín ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún, omi bo ojú ọ̀nà nígbà márùn-ún. Fọ́tò mẹ́fà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Ohun tí a ń béèrè ni kí ìjọba ìbílẹ̀ kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà náà, kí wọ́n sì tún ibi méjì tó ti là ṣe kí òjò oṣù Keje tó dé. Àwọn ọlọ́jà gbà pé àwọn náà ń da ìdọ̀tí sí i, wọ́n sì ti ṣèlérí láti jáwọ́ bí wọ́n bá rí ibòmíràn dà á sí.

A óò wá sí ọ́fíìsì yín lọ́jọ́ Wẹ́sídeè, ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà, láti gbọ́ èsì.

Kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i, kí àgbàlagbà kan fi nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ sísàlẹ̀. Ti àwọn ọmọ kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, ẹ so wọ́n pọ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni yóò wọ fáìlì, ti Yorùbá ni káńsẹ́lọ̀ á kà fún àwọn èèyàn rẹ̀, bóyá òun alára ló máa kọ́kọ́ kà.

Ẹ tẹ kọ́pì mẹ́ta. Ẹ mú ọ̀kan padà pẹ̀lú òǹtẹ̀, ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó gbà á. Láìsí òǹtẹ̀, ẹ kò kọ lẹ́tà. Òṣìṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì kan, tí n kò ní í dárúkọ, sọ fún wa nígbà kan pé lẹ́tà wa kò dé rárá. Ọmọbìnrin akọ̀wé wa yọ kọ́pì tó ní òǹtẹ̀ látinú báàgì, kò sọ nǹkan kan, ó kàn tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Wọ́n wá àga fún wa.

7. Bí èsì kò bá dé

Ẹ lọ lọ́jọ́ tí ẹ dá. Bí ẹni tí ẹ wá kò bá sí ńlé, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ bá, ẹ dá ọjọ́ mìíràn. Ìgbà mẹ́ta ni kí ẹ lọ kí ẹ tó yí ọ̀nà padà. Àwọn ọmọ á fẹ́ gbé e sórí TikTok lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, torí ẹni tí ẹ bá ti dójú tì ní gbangba kò ní ìdí láti ràn yín lọ́wọ́ mọ́.

Lẹ́yìn ìgbà kẹta, òfin kan wà tí àwọn àgbà púpọ̀ kò tíì lò rí: òfin òmìnira láti mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ìjọba, tí a mọ̀ sí FOI, tí ààrẹ bu ọwọ́ lù ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2011. Ó fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba, kò dá ọjọ́ orí sí i, kò sì ní kí ẹ sọ ìdí. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn. Wọ́n lè fi ọjọ́ 7 kún un bí iṣẹ́ náà bá pọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ fún yín. Bí wọ́n bá kọ̀, ilé ẹjọ́ ló kù, láàárín ọjọ́ 30. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti máa ń sọ pé òfin náà kò kan àwọn, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ó kan gbogbo ẹ̀ka ìjọba.

Ẹ má béèrè pé "kí ni ẹ fi owó wa ṣe?" Ìyẹn kì í ṣe ìwé. Ẹ béèrè èyí tó ṣeé mú jáde: "Ẹ̀dà ojú ìwé inú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yìí tó sọ iye tí a yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà ní wọ́ọ̀dù wa." Kí àgbàlagbà kan fọwọ́ sí i pẹ̀lú wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kí ọjọ́ 7 náà tó pé, wọ́n á pè yín, wọn ò ní mú ìwé wá o, ṣùgbọ́n wọ́n á ní ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

8. Ìdìbò tiwọn

Láàárín ìgbà tí ẹ ń dúró de èsì, ẹ ṣe ìdìbò. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló jẹ́ pé olùkọ́ ló ń yan prefect, tí a tún ń fi ọjọ́ kejì kọ́ wọn ní ìjọba tiwa-n-tiwa. Bí ẹ bá lè gba ọ̀gá ilé ìwé láyè kí wọ́n dìbò yan ẹyọ ipò kan gidi, ó sàn ju eré ìdìbò mẹ́wàá lọ.

Ẹ ṣe é bí INEC ṣe ń ṣe é. Ìwé orúkọ olùdìbò, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ìwé ìdìbò tó ní àpótí kékeré níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́. Níbi kíkà ni kí ẹ ti jókòó pẹ́. Kí wọ́n gbé ìwé kọ̀ọ̀kan sókè kí gbogbo èèyàn rí i. Ìka tó kan àpótí méjì ti bàjẹ́, kí aṣojú ẹni kọ̀ọ̀kan gbà bẹ́ẹ̀ kó tó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí wọ́n kọ èsì sínú ìwé bíi ti Fọ́ọ̀mù EC8A tí INEC ń lò ní ibùdó ìdìbò, kí àwọn aṣojú fọwọ́ sí i, kí wọ́n lẹ ẹ̀dà rẹ̀ sára ilẹ̀kùn. Ọmọ tó bá ti jókòó ka ìbò 140 lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ìwé kan kù, ọmọ náà ò ní gba "èsì" tí wọ́n kàn fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp gbọ́ mọ́.

Kí ẹni tó fìdí rẹmi sọ̀rọ̀ kí ẹni tó wọlé tó sọ.

9. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀

Ẹni tí kò tíì pé 18 kò gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Òfin kò fàyè gbà á, ìbáà jẹ́ bàbá ọmọ ló bá a fi ọdún méjì kún ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún òbí náà pẹ̀lú, torí àwọn kan wà tó rò pé ọgbọ́n ni. Àwọn ọmọ á béèrè ìdí tó fi jẹ́ 18, torí wọ́n ti gbọ́ pé àwọn ẹgbẹ́ wọn ń dìbò níbòmíràn. Òótọ́ ni. Ní Brazil, ìwé òfin ọdún 1988 gba ọmọ ọdún 16 láyè láti dìbò bó bá wù ú, 16 náà ni ní Kúbà, ó sì jẹ́ 16 nínú ìdìbò ilé aṣòfin Scotland. Ọ̀rọ̀ tó dáa láti jiyàn lé lórí ni fún ọjọ́ tí òjò kò bá jẹ́ kẹ́ ẹ jáde.

Lásìkò ìpolongo, ẹnìkan lè wá fún àwọn ọmọ ọkùnrin yín ní "iṣẹ́" lílẹ pósítà lóru tàbí jíjókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ sọ ọ́ fún wọn ṣáájú, kí ẹ lo orúkọ tó jẹ́ tirẹ̀: jàǹdùkú ni wọ́n ń wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n lè pè.

10. Ọjọ́ tó bá pé 18

Ẹ kọ ọjọ́ ìbí gbogbo wọn sínú ìwé ẹgbẹ́. Bí ọ̀kan bá ti pé 18, tí INEC sì ń forúkọ sílẹ̀ lọ́wọ́, kó bẹ̀rẹ̀ lórí ìkànnì wọn, kó wá lọ sí ọ́fíìsì INEC ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ fún ìka àti fọ́tò. Kó mú ìwé ẹ̀rí ìbí tàbí ìwé mìíràn tó fi ọjọ́ orí rẹ̀ hàn. Kó yan ibi tó máa wà lọ́jọ́ ìdìbò. Ọmọ tó ń lọ Yunifásítì lọ́nà jíjìn kó rò ó dáadáa, torí bó bá forúkọ sílẹ̀ nílé tí wọn ò sì fún wọn ní họ́lídeè, káàdì náà ò wúlò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìforúkọsílẹ̀. Ní ọdún 2022, INEC yọ orúkọ tó lé ní mílíọ̀nù 2.7 kúrò nínú mílíọ̀nù 12.3 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn torí pé wọ́n forúkọ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kó lọ gba káàdì rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó má fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé láti sọ fún wọn pé láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ọmọ ọdún 25 lè díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ àti ilé aṣojú-ṣòfin. Ọdún 30 ni tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọdún 16 tó jókòó síwájú yín lè wà lórí ìwé ìdìbò ní ọdún mẹ́sàn-án sí i. Mo máa ń sọ ọ́, mo sì máa ń wo ẹni tó bá rántí ka ọdún náà sórí ìka.

Ní ti gọ́tà wa, ìgbà kẹrin tí a lọ ni wọ́n rán àwọn òṣìṣẹ́ wá. Ọkùnrin mẹ́rin pẹ̀lú ṣọ́bìrì, wọ́n kó ẹrẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwé dé ìdajì, wọ́n kó o sí etí títì, wọ́n lọ jẹun, wọn ò padà wá. Òjò ọjọ́ kẹta gbá ìdajì ẹrẹ̀ náà padà sínú gọ́tà. Àwọn ọmọ yà á ní fọ́tò. Akọ̀wé wa ṣí ojú ìwé tuntun, ó wọn ohun tó kù, ó sì kọ sókè pé: Lẹ́tà Kejì. Mítà 21.